Ẹ Ṣọ́ra fún Pákó Bàátì Tí Wọ́n Fi Ọ̀dà Kùn

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gbá tẹ́nìsì orí tábìlì, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń tu owó jọ láti ra bàátì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó.

Lọ́dún tó kọjá, mo ra pákó bàátì kan fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Surulere, l'Ékòó. Ọlọ́jà ní kábọ́ǹnù wà nínú rẹ̀, ó sì dín owó rẹ̀ kù fún mi wẹ́rẹ́. Lóòótọ́, ìlà dúdú méjì wà létí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ náà gbé e wá bá mi. Mo fi èékánná ha etí pákó náà, dúdú ọ̀hún sì bọ́ sí mi lọ́wọ́ bíi tìróò. Igi funfun ló wà lábẹ́ rẹ̀. Owó tí ọmọ yẹn fi oṣù méjì tù jọ wà nínú ohun tí a san.

Ká tilẹ̀ ní ojúlówó kábọ́ǹnù tó ń mú kí pákó yá ni, kò tíì kan ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré. Àwọn ọmọ wa ń wo Aruna Quadri, ọkùnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó wọ ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ nínú ìdíje ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan ní Olympics, ní Rio lọ́dún 2016, wọ́n sì rò pé pákó tó yá ló ń jà fún un. Bẹ́ẹ̀ ìyípo ni. Kí bọ́ọ̀lù tó lè máa yí bí òkòtó, ó gbọ́dọ̀ fara ti rọ́bà tí a lẹ̀ mọ́ ojú pákó díẹ̀, kí rọ́bà rí i dì mú. Lórí pákó tó yá jù, bọ́ọ̀lù ti fò lọ kí apá ọmọ tó yí tán. Bó bá ti fò kọjá tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀rù á bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọmọ, á ká apá kò, á wá máa rọra ti bọ́ọ̀lù. Ẹni tí a fẹ́ kó máa kọlu alátakò ti di ẹni tó ń sá fún un. Ojú mi ti rí i, ó sì máa ń dùn mí.

Igi ni kí ẹ rà. Òfin ITTF, àjọ tó ń ṣàkóso eré náà lágbàáyé, ní ó kéré tán ìdá 85 nínú 100 nínípọn pákó gbọ́dọ̀ jẹ́ igi. Ìpele kábọ́ǹnù kan kò sì gbọ́dọ̀ nípọn ju mìlímítà 0.35 lọ. Pákó onípele 5, irú Stiga Allround Classic tàbí Yasaka Sweden Extra, ti tó ọmọ tó ń kọ́ ìkọlù, owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti kábọ́ǹnù olórúkọ. Onípele 7 bíi Stiga Clipper di ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró.

Ẹ yọ ọ́ nínú ọ̀rá kí ẹ tó sanwó. Ẹ ka ìpele igi létí rẹ̀, ẹ sì ha á. Ẹ di ojú kan, kí ẹ wo gbọọrọ rẹ̀ bí káfíńtà ṣe ń wo pákó, bóyá ó ti wọ́. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n: gíráàmù 80 sí 90 dára, nítorí rọ́bà méjèèjì á tún fi bíi 90 kún un, ọrùn ọwọ́ ọmọdé ni yóò sì gbé gbogbo rẹ̀. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ di èèkù rẹ̀ mú. Bí ọlọ́jà bá ní kí ẹ má tú u, ẹ dá a padà fún un, kí ẹ máa lọ.

Owó tó bá ṣẹ́kù, rọ́bà gidi ni kó bá lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gọ́ọ̀mù ṣúmékà lẹ̀ ẹ́ fún ọmọ yín. Èéfín rẹ̀ ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró níjàǹbá, ITTF sì ti fòfin de irú gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2008. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n fi omi ṣe. Á funfun bíi wàrà nígbà tí ẹ bá ń fi í pa pákó àti rọ́bà. Bí funfun náà bá ṣì kù sójú kan, kò tíì gbẹ, ẹ má tíì lẹ̀ wọ́n pọ̀.