Rán Mi Níṣẹ́, Ránṣẹ́ sí Mi, Jíṣẹ́ fún Mi

Ká ní ọmọ Yorùbá kan tó ń bójú tó nẹ́tíwọ̀kì ní Minna sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, “Rútà Bosso ránṣẹ́ rútà Tunga.” Gbólóhùn yẹn wọ́. Ṣé Tunga ni wọ́n ránṣẹ́ sí ni, àbí òun ni wọ́n rán níṣẹ́? Bí ẹnì kan bá ránṣẹ́ sí mi, èmi ló fẹ́ kó gbọ́. Bó bá rán mi níṣẹ́, ẹlòmíì ló fẹ́ kó gbọ́, èmi kàn ń gbé e lọ ni. Bí mo bá débẹ̀, mo jíṣẹ́. N kò ṣiṣẹ́. Ẹ ṣọ́ àmì ohùn pẹ̀lú: iṣẹ́ là ń jẹ́, ìṣẹ́ ló ń ṣẹ́ni.

BGP ni àwọn rútà fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn. Nínú ilé kan náà (ìyẹn AS), ohun tí rútà gbọ́ lẹ́nu ará ilé, kò gbọdọ̀ tún un sọ fún ará ilé mìíràn. Nítorí náà, olúkúlùkù ní láti bá gbogbo yòókù sọ̀rọ̀ tààrà: rútà 10, ìsopọ̀ 45. Ní 1996, Tony Bates àti Ravi Chandra gbé ìlànà route reflector jáde: rútà kan gba àṣẹ láti máa jíṣẹ́ fún ọ̀wọ́ tirẹ̀, ìsopọ̀ 45 sì di 9. Ọ̀wọ́ ni mo pe cluster, bí a ṣe ń sọ pé ọ̀wọ́ ẹran. Ẹ má kọ ọ́ ní ọwọ́ tàbí ọ̀wọ̀.

Bí Tunga bá jẹ́ reflector, orí rẹ̀ nìkan la ti ń kọ “route-reflector-client” sí ẹ̀yìn àdírẹ́sì Bosso àti ti rútà mìíràn, Chanchaga. A kò kọ nǹkan kan nípa reflector sórí àwọn yẹn. Tunga á máa kọ nọ́ńbà ọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́ gbogbo iṣẹ́ tó bá jẹ́. Bí èyí tó ru nọ́ńbà náà bá yí po padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á dà á nù.

Òwe wo ló yẹ reflector? Ọ̀pọ̀ á yára sọ pé, “Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.” Òwe yẹn fún ìránṣẹ́ láyè láti fi ọgbọ́n tún ọ̀rọ̀ ṣe. Reflector kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gbọ́ ọ̀nà méjì tó lọ sí ibì kan náà, ó lè yan èyí tó dára jù, ṣùgbọ́n ìwé ìlànà RFC 4456 ti 2006 ní kò yẹ kó yí next hop (ibi tó kàn lójú ọ̀nà) tàbí AS path (àwọn ilé tí ọ̀nà náà gbà kọjá) rẹ̀ padà. “Iṣẹ́ tí a rán ni là ń jẹ́” ni tirẹ̀. Rútà ẹnu ibodè tí a kọ next-hop-self fún, tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ rọ́pò ti àlejò, ni kí ẹ pa òwe ẹrú àti ọmọ fún.