Irin Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Ẹsẹ̀ Asáré

Àwọn àgbà ní ènìyàn kì í déédé sáré láàárín ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e. Àwọn kan wà tí wọ́n ń sáré lójoojúmọ́ ayé wọn, kì í ṣe pé nǹkan ń lé wọn, owó, oyè àti oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń lé. Eré sísá ni iṣẹ́ wọn, bí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti jẹ́ iṣẹ́ àwọn baba ńlá wa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá èròjà irin àti fítámì tí ẹ̀jẹ̀ náà fi ń ṣiṣẹ́.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á fún mi. Jos ni wọ́n bí mi sí, Hausa ni mo fi bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré, inú ilé nìkan ni mo ti ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu bàbá àti ìyá mi. Bí ẹ bá rí ibi tí èdè mi ti wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ.

Ohun tí ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí

Mo máa ń sá eré mítà 5,000 fún ilé ẹ̀kọ́ wa. Ní ọdún kejì mi níbí, nígbà tí ìdíje àwọn yunifásítì kù díẹ̀, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Eré tí mo ń fi ìṣẹ́jú 19 sá di ohun tí mo ń fi ìṣẹ́jú 21 sá. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹta ní ilé ibùgbé wa, àyà mi yóò máa lù kìkì. Kóòṣì ní mo ti ya ọ̀lẹ. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ní ibà ni. Àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ayé ni, kí n gbààwẹ̀. Mo lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì, mo ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ìgò méjì, mo sì ń fi tíì gbígbóná àti mílíìkì mu ún láràárọ̀. Mo lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n wọn PCV mi, ó jẹ́ 36. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi pé, kí n máa lọ.

Ìgbà tí mo lọ lo ìsinmi nílé ni bùrọ̀dá mi kan tí ó jẹ́ dókítà ní kí wọ́n wọn ferritin mi. Ó jẹ́ 9. Ojú tì mí gan-an, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí mi. Mo ti kọ ọ́ sínú ìdánwò rí, mo sì gba máàkì. N kò mọ̀ pé ara mi ni mo ń kọ nípa rẹ̀.

Iṣẹ́ tí irin ń ṣe nínú ara

Irin tí a fi ń rọ ọkọ́ àti àdá, òun kan náà ni ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Bí a bá kó gbogbo irin inú àgbàlagbà kan jọ, gíráàmù 3 sí 4 péré ni, kò ju ìṣó kan lọ. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ wà nínú hemoglobin, ohun tí ó mú ẹ̀jẹ̀ pupa. Hemoglobin yìí ni ó ń gba ọ́síjìn nínú ẹ̀dọ̀fóró, tí ó ń gbé e lọ fún àwọn iṣan ara.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ̀ èrò ṣàlàyé. Ọ́síjìn ni èrò, hemoglobin ni ọkọ̀, irin ni ìjókòó inú ọkọ̀. Bí ìjókòó bá dín kù, èrò yóò kún gáréèjì, wọn kò ní í rí ọkọ̀ wọ̀. Ẹni tí ó bá jókòó sílé lè má mọ̀ pé nǹkan ti dín kù. Asáré tí ó ń wá ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo láti borí ẹnìkejì rẹ̀ yóò mọ̀.

Irin díẹ̀ tún wà nínú iṣan fúnra rẹ̀, níbi tí ó ti ń ran ara lọ́wọ́ láti sọ oúnjẹ di agbára. Èyí tí ó kù ni ara kó pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti mùdùnmúdùn egungun. Ferritin ni orúkọ àká tí ó kó o sí. Nítorí náà, bí wọ́n bá wọn ferritin, àká ni wọ́n yọjú wò. Mílígíráàmù 1 sí 2 péré ni ara ń rí gbà nínú oúnjẹ lóòjọ́. Ẹ rí i pé àká tí ó bá gbẹ kì í tètè kún.

Ibi tí irin asáré ń gbà lọ

Èkíní, irin díẹ̀ ń bá òógùn jáde. Èkejì, ní gbogbo ìgbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ bá lu ilẹ̀ líle, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa kan ń fọ́ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni ẹsẹ̀ ń balẹ̀ nínú eré gígùn. Ẹ̀kẹta, bí eré bá gùn bíi máratọ́ọ̀nù tí ó jẹ́ kìlómítà 42, ẹ̀jẹ̀ máa ń kúrò nínú ìfun lọ bá iṣan, ìfun sì lè ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láìjẹ́ pé ènìyàn mọ̀. Oògùn ara ríro bíi aspirin àti ibuprofen tún ń dá kún un. Ẹ̀kẹrin, nǹkan oṣù àwa obìnrin. Ẹ̀karùn-ún, ọ̀pọ̀ asáré ń febi pa ara wọn kí wọ́n lè fúyẹ́, ẹni tí kò sì jẹun kò lè rí irin inú oúnjẹ.

Ẹ̀kẹfà ni ó yà mí lẹ́nu jù. Láàárín ọdún 2000 sí 2001 ni àwọn onímọ̀ ṣàwárí ohun kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, tí wọ́n pè ní hepcidin. Oníbodè ni. Òun ni ó ń ti ìlẹ̀kùn tí irin ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti inú ìfun. Bí ènìyàn bá sáré líle tán, hepcidin á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, ó sì máa ń pọ̀ jù lọ láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn eré. Irin tí a bá jẹ ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni oníbodè yóò dá padà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ eré sísá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ fojú inú wo bí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣe máa ń wà ní títì.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà

Ìpele mẹ́ta ni àìtó irin pín sí. Ní ìpele kìíní, àká ń gbẹ, ferritin lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n hemoglobin ṣì pé. Ní ìpele kejì, irin tí ó ń lọ sí ibi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ kò tó mọ́, síbẹ̀ hemoglobin ṣì lè pé. Ìpele kẹta ni àìtó ẹ̀jẹ̀ gan-an. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka hemoglobin tí kò tó gíráàmù 130 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin, tàbí 120 nínú ti obìnrin tí kò lóyún, sí àìtó ẹ̀jẹ̀. Àjọ náà ka ferritin tí kò tó máíkírógíráàmù 15 nínú lítà kan sí àká tí ó ti gbẹ. Àwọn dókítà eléré ìdárayá kì í dúró títí di ìgbà yẹn. Ọ̀pọ̀ wọn ti ń kíyè sí asáré tí tirẹ̀ bá wà lábẹ́ 30 tàbí 35.

Ẹ ti rí àṣìṣe tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. PCV kò lè sọ ohun tí ó wà nínú àká. Ó tún lè tan ni jẹ lọ́nà mìíràn: eré gígùn máa ń mú kí omi inú ẹ̀jẹ̀ asáré pọ̀ sí i, PCV rẹ̀ á wá dà bí ẹni lọ sílẹ̀, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dín. Ferritin náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Bí ibà tàbí àìsàn mìíràn bá wà lára, ó máa ń ga sókè láìjẹ́ pé àká kún. Nítorí náà, ìgbà tí ara bá yá ni kí a wọ̀n ọ́.

Òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀

Ìlú Iten ní Kenya, níbi tí àwọn asáré ńlá ti ń gbáradì, ga tó nǹkan bíi mítà 2,400. Ọ́síjìn kò pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ara á wá ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa sí i. Ṣùgbọ́n irin ni yóò fi ṣe é. Ẹni tí àká rẹ̀ ti gbẹ tí ó gòkè lọ gbáradì, owó ọkọ̀ ni ó sun dànù. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ń yẹ ferritin wò kí wọ́n tó gòkè. Jos tiwa tí òtútù ti ń mú wa kò ju nǹkan bíi mítà 1,200 lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wé Iten.

Ẹ lè ní eré kúkúrú ni ti àwọn ọmọ wa. Lóòótọ́ ni. Falilat Ogunkoya fi ìṣẹ́jú àáyá 49.10 gba bàbà nínú eré mítà 400 ní Atlanta ní 1996. Tobi Amusan fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 fo mítà 100 olódi ní Oregon ní 2022, ó sì fi bẹ́ẹ̀ borí gbogbo àkọsílẹ̀ ayé ìgbà náà. Eré kúkúrú kì í fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa tó máratọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n nǹkan oṣù kò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Obìnrin tí ó ń sá mítà 100 náà ní láti mọ bí àká rẹ̀ ti rí.

Àwọn fítámì ńkọ́?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, irin nìkan kò sì lè ṣe ẹ̀jẹ̀. Fítámì B12 àti folate ni ara fi ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó gbó dáadáa. Ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ní folate. B12 wà nínú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà, nítorí náà asáré tí kò bá jẹ ohunkóhun tí ó ti ara ẹranko wá ní láti rí i nínú oògùn. Fítámì C ń ran irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ láti wọlé. Fítámì D ń ran egungun lọ́wọ́, oòrùn ni ó sì ń fún wa jù lọ. Awọ dúdú kì í tètè ṣe é tó awọ funfun. Asáré tiwa tí ó bá lọ gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti kíyè sára, nítorí láti oṣù kẹwàá títí di ìparí oṣù kẹta, oòrùn ibẹ̀ kò lágbára tó láti ṣe fítámì náà.

Àṣejù, baba àṣetẹ́

Ara kò ní ọ̀nà tí ó lè fi lé irin àpọ̀jù jáde. Obìnrin tí kò tíì dẹ́kun nǹkan oṣù nílò mílígíráàmù 18 nínú oúnjẹ lóòjọ́, ọkùnrin nílò 8. Kò sì yẹ kí àgbàlagbà kọjá 45 láìjẹ́ pé dókítà ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Irin tí ó bá pọ̀ jù ń ba ẹ̀dọ̀ àti ọkàn jẹ́. Láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn agun-kẹ̀kẹ́ ìje kan ní Yúróòpù gba abẹ́rẹ́ irin débi pé ferritin wọn kọjá ààlà. WADA, àjọ tí ó ń gbógun ti oògùn nínú eré ìdárayá, kò ka irin fúnra rẹ̀ léèwọ̀. Ohun tí ó kà léèwọ̀ ni fífa omi tí ó ju mílílítà 100 lọ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí 12, bí kò bá jẹ́ ti ìtọ́jú tí òfin gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ SS, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ rà. Ẹni tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lọ́pọ̀ ìgbà lè ti ní irin ju bí ó ti yẹ lọ.

Ohun tí a lè ṣe nínú ọgbà

Búrẹ́dì àti tíì ni ọ̀pọ̀ wa ń jẹ láàárọ̀. Tíì àti kọfí máa ń di irin oúnjẹ mú kí ó má lè wọlé, mílíìkì náà a máa dí i lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí tíì dúró tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ jẹ ọsàn, gúáfà tàbí ìbẹ́pẹ lé ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ẹ̀dọ̀, ẹran àti ẹja ní irin tí ara ń tètè gbà. Ògì tí ó kan dáadáa dára, nítorí kíkan rẹ̀ ń dín ohun tí ó ń di irin ọkà mú kù. Ẹni tí ó bá sáré láàárọ̀, kí ó tètè jẹun láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí oníbodè tó ti ìlẹ̀kùn. Bí dókítà bá kọ oògùn irin fún ọ, bi í bóyá ọjọ́ kan sí ìkejì ni kí o máa lò ó. Ìwádìí tí wọ́n ṣe fún àwọn obìnrin tí irin wọn kò tó fi hàn pé ìdá tí ó pọ̀ jù ni ara ń gbà lọ́nà yẹn. Kí a má sì gbàgbé pé ibà àti aràn inú ìfun náà ń jẹ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wọ́n wò.

Ní tèmi, mo pàdánù ìdíje ọdún náà. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, mo ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn tí mo máa ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Bùrọ̀dá mi kọ oògùn fún mi, ó ní omi ọsàn ni kí n máa fi mu ún. Ó gba oṣù mẹ́ta gbáko kí ferritin mi tó dé 31, ẹsẹ̀ mi sì ti ń padà bọ̀ sípò kí ó tó dé ibẹ̀. Kóòṣì kò tíì bẹ̀ mí, n kò sì retí ẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Bí ọmọbìnrin kan bá ń fà sẹ́yìn nínú eré láàárín ilé ibùgbé sí ilé ibùgbé tí ó ń bọ̀ yìí, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ bi í bóyá ó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ẹ sì bi í bóyá PCV nìkan ni wọ́n wọ̀n. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.