Ẹni tí Ohùn Jẹ́ Iṣẹ́ Rẹ̀

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ṣí ní Ìbàdàn, nígbà ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ojú Àníkẹ́ Agbájé-Williams ni ó kọ́kọ́ hàn níbẹ̀. Wọ́n ní àkọ́kọ́ ni ní gbogbo Áfíríkà. Ṣùgbọ́n kí a má purọ́ fún ọmọ ilé ìwé, Mòrókò ti ní tirẹ̀ ní ọdún 1954.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá yìí fi ṣe iṣẹ́ náà, ní rédíò àti ní tẹlifíṣọ̀n. Ní ọdún 1977 ni ilé iṣẹ́ náà di ara NTA.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn àgbà ń pe rédíò. Àwa olùkọ́ ń rí ojú akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá ń sùn, a óò mọ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò rí ẹnìkan. Bí ohùn rẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ a di ọkọ́, ọkọ́ a sì di ọkọ, kò sì sí ẹni tí yóò nawọ́ sókè láti bi í léèrè.

Ní ìhà Ìjerò, Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, ọ̀ràn náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ulé ni a ń pe ilé, ugi ni a ń pe igi. Ọmọ tí ó gbọ́ “ilé” lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lè rò pé àṣìṣe ni ìyá òun ń sọ. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀: kí olùkọ́ fi méjèèjì hàn án.

Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ó ka ìwé sókè, kí àwọn tí ó wà nínú iyàrá kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀. Nígbà tí àwa ṣe é, ọkọ̀ mẹ́ta ni ó di ọkọ́.