Ẹ Jẹ́ Kí A Ṣírò Kí A Tó Jẹ: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Oníṣòwò Kéékèèké ní Àkókò Ọ̀wọ́n

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ń pèsè arísìkí fún gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ọ̀rọ̀ òní wà fún ìyá tí ń yan gàrí ní Ìgbó-Ọrà, fún aránṣọ ní Ẹ̀rúwà, àti fún gbogbo ẹni tí ń fi owó kékeré ṣòwò káàkiri Ìbàràpá méje. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Ní oṣù kẹfà, iye náírà já wálẹ̀. Lítà epo tí iye tí ìjọba fi lé e kò tó 200 náírà ti kọjá 1,000 náírà kí ọdún 2024 tó parí. Owó ọkọ̀ ọjà àti owó ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́ gbé sókè pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ sì ti tì.

Àwọn kan ń sọ pé nígbà tí Ọlọ́hun jẹ́ Olùpèsè, kí ni à ń ṣírò sí? Nínú hàdíìsì tí Tirmidhi gbà wá, ọkùnrin kan bi Ànábì léèrè bóyá kí òun fi ràkúnmí òun sílẹ̀ láìso, kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun. Èsì tí ó gbà ni pé kí ó so ó ná, kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun. Ànábì Yusuf pẹ̀lú, nígbà tí ó túmọ̀ àlá ọba Íjíbítì, ètò ọdún mẹ́rìnlá ni ó fi lé wọn lọ́wọ́: kí wọ́n dáko fún ọdún méje, kí wọ́n fi ọkà sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀, kí wọ́n jẹ díẹ̀, nítorí ọdún méje tí ó le ń bọ̀. Ẹ kíyè sí i pé inú ọdún ọ̀pọ̀ ni ètò náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò àkọ́kọ́ ni mímọ ìyàtọ̀ láàrin èrè àti ojú owó. Ẹ jẹ́ kí a fi ṣàpẹẹrẹ: arábìnrin kan ra àpò gàrí ní 30,000 náírà, ó tà á ní 36,000. Ó rò pé òun jèrè 6,000, ó sì ná an. Nígbà tí ó padà sí ọjà, àpò kan náà ti di 35,000, owó ọkọ̀ sì jẹ́ 1,500. 30,000 tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ra àpò kan mọ́. Ojú owó ni ó jẹ, ó pè é ní èrè. Ní àkókò ọ̀wọ́n, iye tí a ó fi ra ọjà mìíràn ni kí a fi wọn èrè. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ ìsàlẹ̀ kóńgò wọnú láti fi dí àlàfo náà; ìkìlọ̀ fún àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù ni Ọlọ́hun fi bẹ̀rẹ̀ Súrà kẹtàlélọ́gọ́rin.

Ìṣirò kejì ni pípín èrè. Muslim gba hàdíìsì wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayrah nípa ọkùnrin kan tí ó gbọ́ ohùn nínú ìkùukùu, tí ń pàṣẹ pé kí òjò lọ bomi rin oko lágbájá. Ó tẹ̀lé omi náà dé oko, ó sì bi olóko léèrè iṣẹ́ rere tí ó ń ṣe. Olóko ní òun máa ń wo ohun tí ó bá ti inú oko jáde: ìdá kan nínú mẹ́ta òun a fi ṣe sàárà, ìdá kan òun àti ará ilé òun a jẹ ẹ́, ìdá kẹta òun a dá a padà sínú oko. Agbára wa lè má dọ́gba, ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ìpín náà kéré tó, òwò ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ nínú èrè. Ẹni tí ó bá jẹ ìpín òwò ń jẹ irúgbìn ọdún tí ń bọ̀.

Ìṣirò kẹta ni ti ìgbà. Ọdún tí gàrí bá wọ́n, gbogbo wa a gbin ẹ̀gẹ́. Bí ọdún bá yípo, gbogbo wa a hú u lẹ́ẹ̀kan náà, owó rẹ̀ a sì já. Ẹ̀gẹ́ tí a ti hú a sì bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́ láàrin ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, nítorí náà iye tí oníbàárà bá pè ni ẹni tí kò ní ètò yóò gbà. Ẹni tí ó ní ètò a gbin àgbàdo àti ẹ̀gúsí mọ́ ọn, a sọ apá kan di gàrí tàbí láfún tí ó gbẹ dáadáa, a sì máa tà á díẹ̀díẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí kíkó oúnjẹ pamọ́ kí ebi lè pa ará ìlú débi tí wọn yóò fi rà á ní ọ̀wọ́n. Ẹ̀ṣẹ̀ ni Ànábì pe ìyẹn. Ọkà tí Yusuf kó pamọ́, àwọn ènìyàn jẹ ẹ́ nígbà ìyàn.

Ìṣirò kẹrin ni ti àwìn. Áyà tí ó gùn jù lọ nínú Al-Kùránì, áyà 282 nínú Súrà Al-Baqarah, lórí gbèsè ni ó dá lé: kí a kọ ọ́, kí a sì wá ẹlẹ́rìí sí i. Àwìn tí a kò kọ a máa ba owó jẹ́, a sì máa ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Bí owó bá sì fẹ́ tán lọ́wọ́, ẹ má ṣe sá lọ sínú owó èlé tí wọ́n ń yáni lórí fóònù. Èsúsú wà láàrin wa. Olówó àti oníṣẹ́ sì lè da òwò pọ̀, kí wọ́n pín èrè.

Sàká ni yóò sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Oníṣòwò tí ohun ìní rẹ̀ bá tó iye wúrà gíráàmù 85, tí ọdún òṣùpá kan sì ti yí lé e lórí, yóò ka ọjà rẹ̀, yóò díyelé e ní owó ọjọ́ náà, yóò sì yọ ìdá kan nínú ogójì. Ẹni tí kì í ka ọjà rẹ̀ kò lè mọ ẹ̀tọ́ tálákà tí ó wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, kí Jímọ̀ tí ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù wa wá ìwé kan, kí ó kọ ohun mẹ́ta sínú rẹ̀: ojú owó rẹ̀, gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ ẹ́, àti gbèsè tí òun náà jẹ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó sọ pé bí Ọlọ́hun bá fẹ́, kí ó sì gbọ́ràn sí Ọlọ́hun nínú rírà àti títà.

A bẹ Ọlọ́hun kí Ó fi àlùbáríkà sí òwò wa, kí Ó fi arísìkí hàláálì tẹ́ wa lọ́rùn, kí Ó sì sọ ọ̀wọ́n ìlú yìí di ọ̀pọ̀. Àámín.