Ta Lẹ Mọ̀ ní Abẹ́òkúta?

Ọmọ àbúrò mi kan, olùkọ́ ni, wá bá mi nílé ní Mákún, Ṣágámù, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi bi mí pé, "Bàbá, ta lẹ mọ̀ ní Abẹ́òkúta?" Ìwé ìgbéga rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láti ọdún méjì, owó oṣù rẹ̀ kò yí padà. Ó ti lọ sí ọ́fíìsì tó yẹ nígbà márùn-ún. Wọ́n ní ọ̀gá lọ ìpàdé. Wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà karùn-ún, ẹnìkan fà á sí kọ̀rọ̀, ó ní fáìlì kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Mo bi í pé nínú ìgbà márùn-ún yẹn, ìgbà mélòó ló kọ̀wé? Ó ń wò mí. Kò kọ ẹyọ kan.

Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àti nítorí ẹ̀yin ọ̀dọ́ Rẹ́mọ yòókù, láti Ìkẹ́nnẹ́ títí dé Ìṣarà, tí ẹ gbà pé bí èèyàn kò bá ní ẹni ńlá kan, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti wọmi. Mo mọ ọ́fíìsì kan ní Abẹ́òkúta, ó sì yẹ kí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Public Complaints Commission lorúkọ tí ìjọba sọ ọ́. Àjọ agbẹ́sùn ará ìlú ni èmi ń pè é. Ó ní ẹ̀ka ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá mú ẹ̀sùn wá. Ìjọba àpapọ̀ ni o, ti ìpínlẹ̀ ni o, ti ìbílẹ̀ ni o, wọ́n lè bi í léèrè, àti iléeṣẹ́ aládàáni pàápàá. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ló ń yan olórí rẹ̀, gómìnà kankan kò lè lé e.

Ọdún tí àjọ náà dé kò lè kúrò lọ́kàn mi. Mo wà lára àwọn ọmọ tí ìjọba Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, fi sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1955, nígbà tó sì di 1975, mo ti di akọ̀wé kékeré lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Lóṣù keje ọdún náà ni Murtala Muhammed gbàjọba. Láàárín oṣù mélòó kan, òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 ni wọ́n ti lé lọ. Àwọn mìíràn gbọ́ orúkọ ara wọn lórí rédíò. Àwọn kan jẹ̀bi lóòótọ́. Àwọn kan kò mọ ohun tí wọ́n ṣe, wọn kò sì rí ẹni tí wọ́n máa bi. Inú ìjì yẹn náà ni Dikírì nọ́ńbà 31 ti jáde, lọ́jọ́ 16 oṣù kẹwàá, tó dá àjọ yìí sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn alára kò tíì sí nígbà yẹn. Ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Maitama Sule, ará Kánò, ni olórí àjọ náà àkọ́kọ́. Àwọn ológun lọ, òfin náà dúró. Ìwé òfin ọdún 1999 kà á mọ́ àwọn òfin díẹ̀ tí kò ṣeé yí padà wẹ́rẹ́, òun àti òfin àgùnbánirọ̀ àti òfin lílo ilẹ̀.

Orílẹ̀-èdè Sweden ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá irú ipò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ní 1809, àwọn ni wọ́n pe ẹni tó dì í mú ní ombudsman. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òkèèrè yẹn mú yín rò pé àjèjì ni ọ̀ràn náà. Ní Rẹ́mọ wa níbí, ìlédì Òṣùgbó ni àwọn Ìwàrẹ̀fà, àwọn àgbà Òṣùgbó, ti ń gbọ́ ẹjọ́, ọba kò sì lè ṣe bíi pé wọn kò sí. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹni tó wà lórí oyè náà gbọ́dọ̀ ní ibi tí a ti ń bi í léèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, opó kan máa ń wá nítorí owó tí ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún kó tó kú. Á kúnlẹ̀ kí wa, àwa tó lè bí. A kò kórìíra rẹ̀. Wọ́n gbé ẹni tí fáìlì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, ẹni tó gbapò rẹ̀ kò sì yẹ inú kọ́bọ́ọ̀dù wò. Èmi náà rí obìnrin yìí lọ́pọ̀ ìgbà, sùúrù ni mo ń bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan lẹ́tà àjọ náà dé. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ta ni ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ wo ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ló dé tí kò tíì parí? Kò bú ẹnikẹ́ni, kò halẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, a ti rí fáìlì. Títí di òní ojú ń tì mí pé lẹ́tà ló wá ohun tí ẹkún obìnrin náà kò lè mú wa wá.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́gbọ́n. Ẹni tó jókòó sídìí káńtà kì í bẹ̀rù ariwo. Ó mọ̀ pé ó máa rọlẹ̀. Facebook tí ẹ máa ń sáré gbé ẹ̀sùn yín lọ, ọjọ́ mẹ́ta ni, ọ̀rọ̀ mìíràn á ti bò ó. Ìbéèrè tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ìdáhùn sí, tí yóò sì buwọ́ lù ú, ìyẹn ló ń lé oorun lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìloro là ń wọ̀ ká tó wọlé. Àjọ náà kò ní gba ẹ̀sùn yín bí ẹ kò bá tíì gba gbogbo ọ̀nà tó wà ní ọ́fíìsì tó ṣẹ̀ yín náà tán. Ìdí nìyí tí mo fi bi ọmọ náà nípa ìwé kíkọ. Ìrìn márùn-ún tó rìn, kò sí ẹ̀rí kan pé ó rìn ín. Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá ibẹ̀, ojú ewé kan ti tó. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ mọ́ èkejì fún yín. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ kọ òmíràn, kí ẹ mẹ́nu ba ti àkọ́kọ́. Ìgbà náà ni kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ bá àjọ. Ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́, ohun tí wọ́n ṣe, ìgbà tí wọ́n ṣe é, àti ohun tí ẹ fẹ́. Ohun tí ẹ fẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé! Wọ́n á kọ ìyà ojú ewé mẹ́rin, wọn kò ní kọ pé "mo fẹ́ kí wọ́n san àfikún owó oṣù mi láti oṣù tí ìgbéga mi bẹ̀rẹ̀." Ẹ má sì fi irọ́ kan kún un, ẹ̀wọ̀n wà fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ fún wọn.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, àjọ á kọ̀wé sí ọ́fíìsì tí ẹ fẹ̀sùn kàn, wọ́n sì láṣẹ láti wọ ibẹ̀ yẹ fáìlì wò. Ẹni tí wọ́n bá bi léèrè ní 30 ọjọ́ láti dáhùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè dámọ̀ràn pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, kí wọ́n wọ́gi lé ohun tí wọ́n ṣe, kí wọ́n yí ìlànà tó fa aburú padà, tàbí kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ìdámọ̀ràn ni, kì í ṣe ìdájọ́ kóòtù. Wọn kì í fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tó bá ti wà ní kóòtù, tàbí ohun tí òfin ọlọ́pàá àti ti ológun ń bójú tó. Nígbà mìíràn, wọ́n lè sọ fún yín pé ẹ kò lẹ́jọ́. Ẹ gbà á.

Ohun kan ń dùn mí nínú òfin náà. Ẹni tó bá kọ̀ láti dáhùn, ìtanràn 500 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Owó gidi ni ní 1975. Lónìí kò lè gbé èèyàn láti Ṣágámù dé Abẹ́òkúta. Àwọn tí à ń dìbò rán lọ sí Abùjá ló lè tún un ṣe, ó sì yẹ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ bi wọ́n nígbà tí wọ́n bá tún wá tọrọ ìbò.

Ní ti ìbéèrè ọmọ àbúrò mi, mo mọ ẹnìkan tí mo lè pè lóòótọ́. N kò pè é. Bí mo bá pè é, wọ́n á fa fáìlì tirẹ̀ yọ lábẹ́ ti olùkọ́ mìíràn tí kò ní bàbá kankan ní Mákún, ti ẹni yẹn á sì tún rì sí ìsàlẹ̀. Ní ti ẹni tó fà á sí kọ̀rọ̀, mo ní ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ."

Inú bí i díẹ̀. Mo gbé ìwé àti bírò fún un, a jọ jókòó sídìí tábìlì. Ìlà mọ́kànlá péré ni lẹ́tà náà. Lọ́jọ́ Ajé, kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ya fọ́tò ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ sì hàn ketekete.