Ìwẹ̀ Ara àti Ọṣẹ: Ìgbà Mélòó Ló Tọ́?

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́
Bíbélì kíkà: Máàkù 7:1–23
Kókó ẹ̀kọ́: Kí a mọ ibi tí ọṣẹ ti wúlò jù lọ lára, kí a sì máa lò ó níbẹ̀ déédéé.

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ohun kékeré lójú àwọn kan, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ara wẹ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n ohun tí a rí nígbà tí a lọ bẹ àwọn àgbà ìjọ wò ló mú kí a gbé e kalẹ̀.

A dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ara ń yún wọn tọ̀sán-tòru débi pé wọn kì í rí oorun sùn. Awọ ẹsẹ̀ wọn ti gbẹ, ó là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, ibi tí wọ́n ń họ sì ti di egbò. Ọmọ wọn obìnrin, tó ń tọ́jú wọn tọkàntọkàn, rò pé ìdọ̀tí ló fà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ló ń wẹ̀ fún wọn pẹ̀lú omi gbígbóná, ọṣẹ líle àti kànrìnkànrìn, á sì tún da oògùn apakòkòrò sínú omi náà. Bí ara bá ṣe ń yún wọn sí i ló ń fi kún ìwẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tó wà láàárín wa yẹ ẹsẹ̀ náà wò, ó ní, "Ìyá, ẹ kò dọ̀tí rárá. Ìwẹ̀ yìí ló pọ̀ jù fún awọ ara yín." Ó ní kí ọmọ wọn dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ọṣẹ tí kò le mọ sí abíyá, abẹ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, kí ó sì fi ìpara tí kò ní lọ́fínńdà pa ara wọn kí omi tó gbẹ tán. Ó ní bí egbò náà kò bá jiná láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí a padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá ti ń sùn dáadáa. Omi bọ́ lójú ọmọ wọn, ó ní, "Mo rò pé mò ń tọ́jú ìyá mi ni." A sọ fún un pé ìtọ́jú náà ni; ìmọ̀ ló kù.

1. IṢẸ́ TÍ ỌṢẸ Ń ṢE
Omi nìkan kì í mú òróró kúrò. Ẹni tó bá ti fọ àwo ọbẹ̀ rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni ọṣẹ ń fi ọwọ́ kan di òróró mú, tí ó sì ń fi ọwọ́ kejì di omi mú. Nígbà tí a bá ṣan án, ìdọ̀tí àti kòkòrò àrùn tó lẹ̀ mọ́ òróró yóò bá omi lọ. Bákan náà ló rí, ìbáà ṣe ọṣẹ dúdú tí a fi eérú èèpo kòkó àti òróró sè, ìbáà ṣe ọṣẹ olóòórùn dídùn tí a rà lọ́jà.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fi òróró díẹ̀ sí ara wa láti dáàbò bo awọ. Ọṣẹ kò mọ òróró ọbẹ̀ yàtọ̀ sí òróró ara. Bí a bá ń fi í bó ara nígbà gbogbo, awọ yóò gbẹ, yóò là, kòkòrò yóò sì rí ọ̀nà wọlé. Bí ọjọ́ orí ṣe ń ga ni òróró yìí ń dín kù, ọyẹ́ sì tún ń mú kí ara gbẹ sí i.

2. ÌGBÀ MÉLÒÓ?
Kò sí òfin kan tó bá gbogbo ènìyàn mu. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ẹni tó wẹ̀ láàárọ̀ tó sì tún wẹ̀ lálẹ́ kò ṣe àṣejù. Abíyá, abẹ́, ìdí àti ẹsẹ̀, níbi tí òógùn ti ń rùn, ni ọṣẹ gbọ́dọ̀ dé lójoojúmọ́. Apá, ẹ̀yìn àti ojúgun kò nílò ọṣẹ ní gbogbo ìgbà tí a bá wẹ̀, àfi bí a bá ti oko dé, tàbí tí eruku àti epo bá ta sí wa lára.

Ní ti ojú ara àwa obìnrin, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ láìtijú: òde nìkan ni kí a fi omi ṣàn. Kí ọṣẹ tàbí apakòkòrò má ṣe wọ inú, nítorí inú ara a máa fọ ara rẹ̀, fífọ inú sì lè fa àrùn.

Ní ti ọmọ tuntun, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé kí wákàtí 24 kọjá kí a tó wẹ̀ fún un, nítorí òtútù lè ṣe é ní jàǹbá. Ẹ̀yin ìyá àgbà, a mọ̀ pé ọwọ́ yín ni ìwẹ̀ ọmọ wà, a sì mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kí ọmọ dàgbà tán kí ara rẹ̀ máa rùn. Ṣùgbọ́n nǹkan funfun tó ń wà lára ọmọ nígbà ìbí kì í ṣe ìdọ̀tí. Ààbò ni fún awọ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kànrìnkànrìn bó o, ẹ má sì da apakòkòrò sínú omi rẹ̀.

3. ỌWỌ́ NI ỌṢẸ YẸ KÍ Ó DÉ JÙ
Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe é sódì. À ń fi ọṣẹ ṣòfò sí ẹ̀yìn, omi lásán ni a sì ń fi ṣan ọwọ́. Ẹ rántí oṣù Ògọ́sì ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola ti wọ Èkó. Ìròyìn dé lórí fóònù lóru pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ló jí tí wọ́n ń wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Irọ́ ni, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán ènìyàn méjì ló kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Lára ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera ń kọ́ wa nígbà náà ni kí a máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù Ọ̀kítóbà ọdún náà ni a kéde pé àrùn náà ti kúrò ní ilẹ̀ wa.

Ìgbà tó yẹ kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́ nìyí: bí a bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé, bí a bá ti nu ìdí ọmọ tán, kí a tó dáná, kí a tó jẹun, kí a tó fún ọmọ lóúnjẹ, àti lẹ́yìn tí a bá tọ́jú aláìsàn. Kí a fọ àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka àti abẹ́ èékánná, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kí a sì fi omi tó ń ṣàn ṣan án. Èyí nìkan lè dín ìgbẹ́ gbuuru kù ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100.

Àwa náà jẹ̀bi. Níbi àsè ẹgbẹ́ wa tó kọjá, abọ́ omi kan ṣoṣo ni a gbé káàkiri tábìlì, tí oníkálukú ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Gbogbo wa la wẹ̀ wá, aṣọ ẹgbẹ́ wa sì ń dán, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ ló dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọ̀tún ní í wẹ òsì, tí òsì í wẹ ọ̀tún, kí ọwọ́ méjèèjì tó mọ́. Wọn kò ní kí ogún ọwọ́ wẹ ara wọn nínú abọ́ kan.

4. OHUN TÍ BÍBÉLÌ KÍKÀ WA Ń KỌ́ WA
Àwọn kan ń fi Máàkù orí keje sọ pé Olúwa kò ka ọwọ́ fífọ̀ sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwẹ̀nù ti ìsìn ni àwọn Farisí ń jà lé lórí, kì í ṣe ìlera. Ẹ tún ka ẹsẹ 9 sí 13: ohun tí Olúwa bá wọn wí sí ni pé wọ́n di àṣà mú, wọ́n sì pa ìtọ́jú baba àti ìyá tì. John Wesley pàápàá, tó kó ìwé ìtọ́jú ara jáde ní ọdún 1747 fún àwọn mẹ̀kúnnù, mọ̀ pé ìtọ́jú ara ọmọnìkejì jẹ́ ara iṣẹ́ ìfẹ́. Nítorí náà, bí àṣà ìwẹ̀ wa bá ń pa ìyá lára, ẹ jẹ́ kí a yí àṣà padà, kí ìyá lè sinmi.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Ta ni ó ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó àti ọmọ tuntun nínú ilé wa? Ta ni yóò sọ ẹ̀kọ́ yìí fún wọn, báwo ni yóò sì ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní bí wọn nínú?
2. Ìgbà wo nínú ọjọ́ ni a máa ń gbàgbé láti fi ọṣẹ fọ ọwọ́?
3. Kí ni a ó ṣe bí ìròyìn ìwòsàn bá tún dé lórí fóònù lóru?

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra kẹ́tùrù méjì, básíà méjì àti ọṣẹ. Kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin máa bu omi sí àwọn ìyá lọ́wọ́ kí a tó jẹun. Kí Olúwa bù kún ìlera wa. Àmín.