Mímú Ẹ̀kọ́ Èdè Yorùbá Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Tó Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ́wọ́ ní Òṣogbo àti Iléṣà

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nígbà tí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò rí ṣí lórí fóònù rẹ̀, orí pẹpẹ ló ṣì wà.

Àpẹẹrẹ Ọpọ́n Ìmọ̀

Ní oṣù Òkúdu ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ṣe ìfilọ́lẹ̀ Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ náà, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè kà wọ́n láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga: kí iṣẹ́ rẹ̀ fúyẹ́, kí ó ṣe é gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì ṣe é kà nígbàkígbà.

Ìṣòro Àmì Ohùn

Lẹ́tà bíi ọ́ àti ẹ̀ kò ní kóòdù ẹyọ kan nínú Unicode. Ńṣe ni a ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀. Bí olùkọ́ bá lo fọ́ńtì àtijọ́, àpótí òfìfo lè hàn lórí fóònù akẹ́kọ̀ọ́. Bí àmì bá sì sọnù, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò ní ìyàtọ̀ mọ́. Àwọn olùkọ́ mìíràn a máa ya fọ́tò ojú-ìwé láti bọ́ nínú wàhálà yìí. Ṣùgbọ́n fọ́tò a máa jẹ dátà, ẹ̀rọ tí ń ka ọ̀rọ̀ sókè fún afọ́jú kì í sì í sábà rí i kà. Òfin tí Ààrẹ Nàìjíríà buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 ka ṣíṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀.

Mímú Akẹ́kọ̀ọ́ Kópa

Kíkà nìkan kò tó. Nínú ẹ̀kọ́ lórí ẹ̀ka-èdè, olùkọ́ lè fi ohùn ṣókí ránṣẹ́ níbi tí àgbà Ìjẹ̀ṣà kan ti pe ilé ní ulé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Òṣogbo gba ohùn àgbà àdúgbò tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fi àwọn méjèèjì wéra.

Àgbálọgbábọ̀

Kì í ṣe gbígbé ẹ̀kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ olùkọ́ parí sí. Kí ó kọ́kọ́ ṣí i lórí fóònù kékeré, kí ó wo àmì ohùn rẹ̀, kí ó tó fi ránṣẹ́.